Kẹ́míìsì lè gba sìgá lẹ́nu bàbá ẹni bí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé. Bàbá mi ti pé 67 ọdún, láti ìgbà èwe rẹ̀ ní Òṣogbo ló sì ti ń fa sìgá. Lóṣù tó kọjá, àyà ń dùn ún, a gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n lẹ plásítà nicotine mọ́ ọn lápá, wọ́n ní sìgá ti parí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ní àwọn ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé wa, pé ibẹ̀ ni yóò ti máa gba ìtọ́jú tó kù. Kẹ́míìsì kẹ̀! Níbi tí a ti ń ra Panadol àti ìpara! Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọjà ni wọ́n fẹ́ tà fún wa, pé ẹni tó bá wù láti fi sìgá sílẹ̀ á fi í sílẹ̀. Màmá wa ní àdúrà ló kù. Kí ni kẹ́míìsì fẹ́ ṣe tí ọsibítù kò lè ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́.

* * *

Apòògùn ni mí, ẹ̀yìn káńtà kẹ́míìsì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń jẹun. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n yín lè mọ ẹni tó ń dá wọn lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń sanwó iṣẹ́ yìí fún wa. NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń san án. Bàbá yín kò ní yọ kọ́bọ̀ lápò.

Ètò tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ ti wà káàkiri England láti ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2022. Ọsibítù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lórí ibùsùn, kẹ́míìsì tó bá ti forúkọ sílẹ̀ fún un á gbà á lọ́wọ́ wọn, á sì máa bá a lọ títí di ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹni náà fa èyí tó kẹ́yìn. Ẹ bi mí ní ohun tí a lè ṣe tí ọsibítù kò lè ṣe. Kò ju pé a wà nítòsí lọ. Lórí ibùsùn ọsibítù, ta ni yóò fún bàbá ní sìgá? Ilé ni wàhálà wà: àga tó máa ń jókòó sí, tíì àárọ̀, ọ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ ilé tó máa ń ké sí i pé kí àwọn jáde lọ gba atẹ́gùn. Ọsibítù kò lè dá a dúró fún oṣù mẹ́ta nítorí ìyẹn. Kẹ́míìsì kì í sọ pé kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bíi GP, dókítà àdúgbò, ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣí ní Sátidé, bàbá á sì gba iwájú wa kọjá tó bá ń lọ ra búrẹ́dì.

Ẹ má jókòó de ìpè o. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọsibítù ń gba fi orúkọ ránṣẹ́, orúkọ a sì máa sọnù sọ́nà. Ọsibítù kan wà tó jẹ́ pé ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ pé wọ́n fi í ránṣẹ́ sí mi, nígbà tó bá ti padà sí ìdí sìgá rẹ̀. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fi dá bàbá sílẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ wọlé, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ṣe ètò náà. Kì í ṣe gbogbo kẹ́míìsì ló ń ṣe é. Tí wọn kò bá ṣe é, wọ́n á júwe ibòmíràn fún yín. Plásítà tí ọsibítù fún un kì í pẹ́ tán, ọjọ́ tó bá sì tán ni sìgá máa ń wọlé.

* * *

Mo ti ka gbogbo èsì tí ẹ̀yin òǹkàwé kọ sí ìbéèrè yìí. Èyí tó pọ̀ jù ni pé ìpinnu ọkàn ló jù. “Bàbá tèmi jù ú dànù lọ́jọ́ kan, kò bojú wẹ̀yìn mọ́.” Mo gbà. Kò sí ẹbí tí kò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ kan. Àwọn tó jù ú dànù lálẹ́ tí wọ́n tún lọ ṣà á láàárọ̀ ńkọ́? A kì í ròyìn tiwọn níbi àríyá. Nínú 100 ẹni tó bá fi sìgá sílẹ̀ láìgba ìrànlọ́wọ́ kankan, nǹkan bíi 3 sí 5 ni kò ní tíì padà sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ṣé ọ̀lẹ ni gbogbo àwọn tó kù?

Ẹ wo bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Téèyàn bá fa èéfín sínú, nicotine, ìyẹn nǹkan inú tábà tó ń di bárakú, á dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ á ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá sun oorun òru mọ́jú á jí pẹ̀lú èyí tó kéré gan-an lára, ara á sì máa béèrè. Bàbá tó ń jágbe mọ́ gbogbo ilé kó tó fa ti àárọ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má pè é ní oníwà burúkú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń béèrè.

Ẹlòmíràn ní bàbá ti dàgbà jù, kí a fi í sílẹ̀ kó gbádùn ara rẹ̀. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Àwọn olùwádìí méjì, Richard Doll àti Richard Peto, tọ ipasẹ̀ àwọn dókítà ọkùnrin ní Bìrìtéènì láti ọdún 1951, àbájáde àádọ́ta ọdún rẹ̀ sì jáde ní 2004: ẹni tó bá jáwọ́ ní 60 ọdún jèrè nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ẹni tó jáwọ́ ní 50 jèrè mẹ́fà, ti 40 jèrè mẹ́sàn-án, ti 30 jèrè mẹ́wàá. Bàbá ti kọjá 60 díẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àyà ló dùn ún, ewu ọkàn sì ń yára dínkù lẹ́yìn sìgá ju ewu jẹjẹrẹ lọ. Gbígbádùn wo ni ti ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìdúró mí?

Ní ti màmá, kí wọ́n máa gbàdúrà lọ. Plásítà kò ní dí àdúrà lọ́wọ́.

* * *

“Ṣebí nicotine kan náà ló wà nínú plásítà yẹn? Ẹ kàn gba ọtí lọ́wọ́ ọ̀mùtí, ẹ fún un ní ògógóró ni.”

Rárá o. Nicotine ló ń mú kéèyàn padà sí ìdí sìgá. Ọ̀dà inú èéfín àti carbon monoxide àti ọ̀kẹ́ àìmọye kẹ́míkà tó ń jáde nígbà tí ewé bá ń jó ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó sì ń dí òpó ẹ̀jẹ̀. Plásítà kò ní èéfín. Nicotine inú rẹ̀ ń gba awọ ara wọlé díẹ̀díẹ̀, kò lè yára dé ọpọlọ bíi ti sìgá, ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n kéèyàn di ẹrú plásítà. Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi oògùn arọ́pò nicotine sínú àkójọ oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣaláìní. Àwọn Cochrane tó máa ń kó ìwádìí jọ wò sì ti rí i pé ó ń fi nǹkan bí 50 sí 60 nínú 100 kún àǹfààní tí èèyàn ní láti jáwọ́. Iṣẹ́ ìyanu kọ́ o. Ẹ rántí pé èèyàn 3 sí 5 nínú 100 la ti bẹ̀rẹ̀, orí ìyẹn la fi ń kún.

Ibi tí èmi rò pé ìjà wà gan-an nìyí: ọ̀pọ̀ tó ní “mo lo plásítà, kò ṣiṣẹ́”, èyí tí kò tó ni wọ́n lò, tàbí wọ́n já a sílẹ̀ kó tó yá. Èèyàn á ti máa fa ogún lóòjọ́, á ra èyí tó kéré jù nítorí pé ó ń bẹ̀rù nicotine, á lò ó fún ọjọ́ díẹ̀, ara á máa ni ín, á wá sọ pé ẹ̀tàn ni. Ẹni tó ń fa ju mẹ́wàá lọ lóòjọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó lágbára jù, 21 mg nínú oríṣi tí a ń lẹ̀ fún wákàtí 24. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, a ó sọ ọ́ di 14, lẹ́yìn náà 7. Ní àfikún sí plásítà, kó ní ohun kan tó ń yára ṣiṣẹ́ lápò, ìyẹn ṣingọ́ọ̀mù tàbí súwíìtì nicotine, fún ìgbà tí òòfà bá dé lójijì. Méjèèjì pọ̀ dára ju ọ̀kan lọ, àwọn ìwádìí fi èyí hàn kedere. Òòfà yẹn kì í sábà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú yẹn gùn lójú ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbogbo èèyàn: “Lẹ́yìn tí ẹ bá jí, ó máa ń tó ìgbà wo kí ẹ tó fa ti àkọ́kọ́?” Tó bá wà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣingọ́ọ̀mù 4 mg ni. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2 mg tó.

Ẹ má sì jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé. Ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé ó ń ta lẹ́nu bí ata, kí ẹ fi í sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín, kí ó dúró síbẹ̀ títí tí títa náà á fi lọ, kí ẹ tún jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ wàràwàrà, itọ́ ló ń gbé nicotine mì sínú, òsúkè àti àyà títa ló máa rí. Kọfí, Coke àti omi ọsàn ṣáájú rẹ̀ kò dára, wọn kì í jẹ́ kí ẹnu gbà á wọlé dáadáa. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15. Tí bàbá bá ń lo eyín àtọwọ́dá, súwíìtì ni kí ẹ bèèrè. Ṣingọ́ọ̀mù á lẹ̀ mọ́ ọn, bàbá á sì bínú sọ gbogbo ètò náà nù.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá kò sí oògùn oníhóró tí a fi ń jáwọ́ nínú sìgá: ó wà. Wọ́n kó varenicline kúrò lórí àtẹ ní 2021 nítorí ohun àìmọ́ tí wọ́n rí nínú rẹ̀, ó padà sí NHS ní England ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Cytisine, tí àwọn ará Bulgaria ti ń lò láti àwọn ọdún 1960, dé Bìrìtéènì ní oṣù kìíní ọdún 2024, ọjọ́ 25 ni wọ́n fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n fún bàbá yìí, mi ò ní í gbé cytisine jáde. Àwọn tó wà láàárín ọdún 18 sí 65 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, kò sì wà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàìsàn. Ẹ rí ìdí tí kò fi dára kéèyàn máa pín oògùn lórí WhatsApp.

* * *

Ẹni tó bi ìbéèrè ti padà wá. Ó ní bàbá kọ̀. Apòògùn tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, bàbá sì ní òun kò ní í lọ máa fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ẹ̀rọ tí a fi ń mọ ẹni tó fa sìgá níwájú ọmọ tí òun lè bí lọ́mọ, kí ó tó di ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ìjọ á ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó wù mí láti sọ. Àwọn òyìnbó tó ṣètò yìí rò pé kéèyàn wà nítòsí ti tó. Lọ́dọ̀ wa, ìtòsí náà tún ni ìṣòro. Ẹni tó wà nítòsí ló mọ ìyàwó ẹ, ló mọ àna ẹ, ló jókòó tì ẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Mo ti rí àgbàlagbà tó wọ bọ́ọ̀sì kọjá kẹ́míìsì mẹ́ta kó lè wá sọ́dọ̀ mi, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní àdúgbò mi. Kò burú. Ẹ jẹ́ kí bàbá lọ ibi tó bá wù ú. Ẹ kàn ní kí ọsibítù tàbí kẹ́míìsì àkọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún sọ èyí fún un. Yàrá wà lẹ́yìn tí a ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, orí káńtà kọ́ ni a ti ń ṣe é. Apòògùn tó bá gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn lọ sí ìjọ lè pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ General Pharmaceutical Council. Àwa tí a lo ọdún ní yunifásítì nítorí ìwé yẹn kò ní fi ṣe òfófó.

Ọwọ́ tún wà tí a fi ń mú àgbà. N kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí sìgá láé. Bàbá wọlé, mo kí wọn, mo béèrè ará ilé, mo ní “Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀jẹ̀ yín bóyá ó ń ru.” Ẹ̀jẹ̀ ríru kò ti ẹnikẹ́ni lójú. Àárín ibẹ̀ ni sìgá ti máa ń yọjú fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń dáhùn fún wọn, mo máa ń ní kó lọ bá mi wo nǹkan níta. Tí ìyàwó bá wà níbẹ̀, ẹni tó ń fa ogún á ní mẹ́ta lòun ń fa, irú oògùn wo ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣírò? Ẹ sin bàbá dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ padà sílé. Tí wọ́n bá dé, ẹ má bi wọ́n léèrè iye tí ẹ̀rọ kọ.

Àwọn obìnrin ilé wa tó ń fa sìgá ní ìkọ̀kọ̀ ńkọ́, àti àwọn ìyá àgbà tó ní aṣáà nínú agolo lábẹ́ ìrọ̀rí? Kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ibì kankan, nítorí kò sẹ́ni tó gbà pé wọ́n wà. Tábà náà ni aṣáà o.

* * *

Ẹ̀rọ tí bàbá ń bẹ̀rù yẹn, ẹnìkan ní ó dà bí èyí tí ọlọ́pàá ń gbé sẹ́nu awakọ̀. Carbon monoxide inú èémí ló ń kà. Tí òǹkà bá wà lábẹ́ 10, a ó kọ ọ́ pé ẹni náà kò fa sìgá. Láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ìdajì carbon monoxide ti ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà lẹ́yìn ọjọ́ kan péré òǹkà á ti wálẹ̀ tipẹ́. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fẹ́ tàn mí lè jáwọ́ lánàá kó wá fẹ́ ẹ lónìí. Mo mọ̀, òun náà mọ̀. Kọ́ọ̀tù kọ́ ni a wà. Plásítà kì í mú òǹkà náà lọ sókè, àmọ́ shisha a máa mú un lọ sókè burúkú, èéfín èédú náà ńkọ́. Ìwúlò rẹ̀ ni pé sìgá kì í jẹ́ kéèyàn rí ohun tó ń ṣe lára, nọ́ńbà yìí sì ń wálẹ̀ lójú ẹni. Àwọn bàbá tó kọ̀ jálẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ló sábà máa ń ní kí n jẹ́ kí àwọn tún un fẹ́.

* * *

Ará Mọ́níyà kan sọ̀rọ̀ tó dùn mí: “Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú ìgbádùn. Ní Ìbàdàn níbí, kẹ́míìsì mi ò mọ̀ ju chloroquine lọ. TomTom àti orógbó ni mo fi ń jà.”

Ẹ̀yin ará ilé, orúkọ kan náà ni a ń pe ìsọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra. Ọ̀kan ni èyí tí apòògùn tó kàwé wà nínú rẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ Pharmacy Council of Nigeria á wà lára ògiri. Èkejì ni ìsọ̀ tó ní láísẹ́ǹsì láti ta àwọn oògùn tí kò nílò ìwé dókítà nìkan. Èkejì ló pọ̀ jù ní àdúgbò tálákà, òun ló sì ń ṣí di òru. Ẹ wá èkíní. Àwọn ńlá ńlá nínú wọn a máa ní ṣingọ́ọ̀mù tàbí plásítà nígbà mìíràn, owó rẹ̀ sì ń ga. Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo èèyàn ló lè rà á. Tí kò bá sí, ẹ bá apòògùn náà ṣàdéhùn pé ẹ ó máa yọjú sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó jáwọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kíkọ yẹn nìkan ní agbára. TomTom àti orógbó kò ní nicotine, ẹnu nìkan ni wọ́n ń dá dúró, ṣùgbọ́n ẹnu náà wà nínú ìjà yìí.

Ohun tó tún yàtọ̀ ni igi kọ̀ọ̀kan. Òfin tábà ti 2015 ní Nàìjíríà ní kò gbọdọ̀ sí títa sìgá ní ẹyọ, pé páálí kan kò gbọdọ̀ dín ní 20. Ẹ lọ sí gáréèjì èyíkéyìí. Alátẹ ń ta igi kan, ó tún fún yín ní iná. Nítorí èyí, tí ẹ bá bi ẹni tó ń ra ẹyọ pé mélòó lóòjọ́, kò lè mọ̀, kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ẹ bi í ní iye owó tó ń fún alátẹ láti àárọ̀ di alẹ́. Òǹkà yóò yọ.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2012 ní 5.6 nínú 100 àgbàlagbà ló ń lo tábà, 10 nínú 100 lára àwọn ọkùnrin. Kò pọ̀ tó ti Bìrìtéènì nígbà náà. Òun ni wọ́n fi ń sọ pé kì í ṣe ìṣòro wa. Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ èèyàn nìyẹn o! Òṣogbo bàbá wa yìí gan-an ni ilé iṣẹ́ sìgá ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní 1933 kí wọ́n tó kọ́ ti Ìbàdàn ní 1937, nítorí náà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní kí ilé iṣẹ́ sìgá British American Tobacco san mílíọ̀nù 110 dọ́là. Ojú tèmi ni pé ìdá kékeré nínú irú owó bẹ́ẹ̀ tó láti kọ́ àwọn apòògùn Ìbàdàn ní iṣẹ́ yìí, kó sì kún àtẹ wọn. Ẹni tó bá mọ ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ ariwo náà, kó sọ fún wa.

Ẹni tó béèrè nípa Ràmàdánì: ọ̀pọ̀ ń gba ààwẹ̀ láti Sààrì dé ìṣínu láìfa nǹkan kan, wọ́n á wá fa mẹ́ta léraléra lálẹ́. Oṣù yẹn dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Plásítà ni mo máa ń dábàá, nítorí kò gba ẹnu wọlé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Kí ẹ bi àáfà yín. Ṣingọ́ọ̀mù di lẹ́yìn ìṣínu.

* * *

Bàbá ti bẹ̀rẹ̀! Ó yan kẹ́míìsì tó jìnnà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló wà. Ọmọ rẹ̀ ní lọ́jọ́ Sátidé, níbi ọjọ́ ìbí kan, bàbá fa ìdajì igi. Ẹ̀gbọ́n ní “ṣé ẹ rí i?” Màmá ní kí wọ́n yọ plásítà kúrò lára rẹ̀ kíákíá, kí nicotine má baà pa á.

Ẹ má yọ ọ́. Plásítà yẹn ló jẹ́ kó dúró sí ìdajì. Bàbá ò ní kú nítorí pé plásítà àti ìdajì igi pàdé lára rẹ̀. Bí nicotine bá pọ̀ jù, èébì á máa gbé e tàbí kí orí máa fò ó, á sì mọ̀. Kí ó lẹ òmíràn láàárọ̀ bó ti yẹ, kí ó sọ fún apòògùn rẹ̀. Àwọn akẹ́gbẹ́ mi kan le jù lórí èyí: wọ́n ní kò gbọdọ̀ fa ẹyọ kan, kódà bó ṣe ìmí kan, wọ́n sì tọ̀nà, nítorí ìmí kan ló ń di páálí. Ṣùgbọ́n láti lé e kúrò nínú ètò nítorí ìdajì? N kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ la ń wá. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ti là ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun méjì tí ẹ kò béèrè. Èkíní, kọfí. Ọ̀dà inú èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ kaféènì. Bí sìgá bá lọ, ife kọfí tí bàbá ti ń mu tẹ́lẹ̀ á lágbára tó bí ìlọ́po méjì lára rẹ̀. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á lọ, gbogbo ilé á ní sìgá tí kò fà ló fà á. Ẹ dín kọfí kù. Èkejì, tó sì le jù: ọ̀nà kan náà ni ẹ̀dọ̀ ń gbà fọ́ àwọn oògùn kan bíi theophylline tí wọ́n ń fún ẹni tí kò lè mí dáadáa, àti clozapine àti olanzapine tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ. Ẹni tó bá ń lo wọ́n tó jáwọ́ nínú sìgá, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, plásítà kò sì ní dí i lọ́wọ́, nítorí nicotine kọ́ ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ń gún abẹ́rẹ́ insulin náà ní láti máa ṣọ́ ṣúgà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní kẹ́míìsì kò mọ̀ ju ọjà títà lọ, ibí yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ara á tún sanra díẹ̀, nǹkan bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún láàárín ọdún kan. Ẹ fi í sílẹ̀ báyìí. Ẹ̀bà lè dúró di ìgbà mìíràn.

* * *

Apòògùn ẹlẹgbẹ́ mi kan bọ́ sáàárín, ó ní mò ń ṣe ìpolówó: pé èèyàn kan ló wà lẹ́yìn káńtà, ìwé dókítà kún ilẹ̀, fóònù ń dún, ta ló ráyè jókòó gbọ́ ìtàn sìgá? Ó ní ètò tí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ ti ń pàdé ní ẹgbẹ́ dára jù wá lọ.

Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní Glasgow, níbi tí wọ́n ti fi kẹ́míìsì àti ẹgbẹ́ wéra, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, iye àwọn tó ṣàṣeyọrí nínú ẹgbẹ́ sún mọ́ ìlọ́po méjì ti kẹ́míìsì. Mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá sí kẹ́míìsì pọ̀ ju àwọn tó lọ sí ẹgbẹ́ lọ lọ́nà tó ga. Ẹ sọ fún bàbá tó sá fún ọmọ ìjọ rẹ̀ pé kó lọ jókòó yí ká nínú gbọ̀ngàn kan, kó sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún àjèjì mẹ́wàá! Ibi tí mo bá ọ̀rẹ́ mi dé ni pé iṣẹ́ yìí kò ṣe é fi kún iṣẹ́ ẹni kan láìfi ọwọ́ kún un. Níbi tí ọ̀gá bá ti fi òṣìṣẹ́ kan sílẹ̀ fún un, tó ń pe aláìsàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó ń lọ. Níbi tí wọ́n kàn ti ń sọ plásítà sínú ọ̀rá, ẹ̀gbọ́n wọn jàre, ọjà ni wọ́n ń tà. Ẹ wo kẹ́míìsì yín. Tí wọn kò bá bi yín ní ìbéèrè kankan ní ìgbà kejì, ẹ kó lọ sí ibòmíràn.

* * *

Ìbéèrè tó kẹ́yìn: bàbá ń lọ sí Òṣogbo fún òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò lo oṣù kan, kí ni kí wọ́n ṣe?

Ẹ lọ sọ fún kẹ́míìsì kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tí yóò wọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ètò yẹn sábà máa ń fún èèyàn ní plásítà, nítorí náà wọ́n lè má lè fún un ní ti oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó fi owó ra èyí tó kù, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹ ó rí i ní Òṣogbo. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, nínú páálí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wà nínú mọ́tò tí wọ́n gbé sínú oòrùn. Kí ó gba nọ́ńbà kẹ́míìsì dání, kí òṣìṣẹ́ wọn máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lóde òkú, ẹni tó bá na páálí sí i yóò pọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ìgbà èwe pàápàá. Kí ẹnìkan nínú ẹbí ti sọ fún wọn ṣáájú pé dókítà ló kọ̀ ọ́ fún bàbá, kí bàbá má baà máa ṣàlàyé ní agbo. Súwíìtì nicotine ni kó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀, ju plásítà lọ, nítorí òde yẹn á gùn mọ́jú.

Ẹ bá wa kí wọn. A kú ìsìnkú.